Rọ́bà Bíréèkì Tó Ń Dán

"Má wulẹ̀ kí mi káàárọ̀," ni ìyá agbẹ̀bí wí. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹrẹ̀ gọ́tà kún aṣọ funfun rẹ̀ dé ìbàdí. "Lánàá ni mo gbé kẹ̀kẹ́ yìí kúrò níbí. Láàárọ̀ yìí, mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú yín, mo fún bíréèkì títí, àfi bí ẹni ń fún afẹ́fẹ́. Gọ́tà ló gbà mí lọ́wọ́ ọkọ̀. Ẹnì kan sì ń rọbí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún báyìí!"

Ìyá Onísípánà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí àdúgbò sọ ọ́ nìyẹn, nítorí òun nìkan ni obìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ta ló bá yín ṣe é?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ó ní rọ́bà tuntun lòun fi sí i."

Ó dorí kẹ̀kẹ́ kodò. Ó fún bíréèkì: wáyà rẹ̀ le dáadáa, rọ́bà méjèèjì sì di rímù mú lọ́tùn-ún lósì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tó tún fún bíréèkì, ńṣe ni ẹsẹ̀ náà ń yọ̀ bọ̀rọ́ láàárín wọn bí ẹja àrọ̀.

Ó tú rọ́bà kan. Ó ń dán jù. Rọ́bà tuntun kì í dán bẹ́ẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, àtàǹpàkò náà dúdú. Ó gbé e sí imú. Pólíìṣì bàtà! Lábẹ́ pólíìṣì náà, rọ́bà ti jẹ tán, ó ti gan bíi pátákò màlúù, ẹnì kan sì ti fi abẹ fa ilà sí i lójú kó lè jọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó jù ú sílẹ̀, bí ẹni tó gé èso jẹ tó bá ìdin níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde wá ná."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́. Pólíìṣì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Onísípánà ti ń rí dúdú yẹn, tó ń rò pé àmì iṣẹ́ ni.

"Pólíìṣì bàtà lẹ fi kun bíréèkì?"

"Ariwo rẹ ti pọ̀ jù." Ó lá ìka rẹ̀. "Rọ́bà yẹn kò tíì kú, mo kàn wẹ̀ ẹ́ ni. Gọ́tà náà sì ti wẹ màmá, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Èmi tí mo gbẹ̀bí ìyàwó rẹ!" ni ìyá agbẹ̀bí wí. "Ọwọ́ yìí ló kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ!"

"Ẹ má bínú, mà, àwàdà ni."

Ìyá Onísípánà tutọ́ sílẹ̀. "Ìwà yín rí mi lára," ó wí. "Rọ́bà mìíràn kò sí nílẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ yín ni mo máa tú fún wọn."

"Kẹ̀kẹ́ ta ni? Èmi tí mò ń gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Ṣebí ẹ ní ti màmá kò tíì kú? Ẹ fi òun relé."

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. Ó fi búrẹ́dì dí i.

Ìyá Onísípánà fi omi ọṣẹ fọ rímù, ó fi sáńpépà họ ọ́ títí pólíìṣì fi tán lójú rẹ̀. Ó de rọ́bà gidi tó tú lára kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ bíréèkì náà, ó wò ó pé irin nìkan ló ń gbá mú, pé kò kan táyà. Ó fa wáyà díẹ̀, ó fún nọ́ọ̀tì. Ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó fún bíréèkì. Ẹsẹ̀ náà dúró gbọnin.

"Ìwọ nìkan ni kó máa fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ mi o, ọmọ mi," ni ìyá agbẹ̀bí wí, ó sì gùn ún lọ bá aláboyún rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ jáde, tòun ti rọ́bà tó ń dán tí àbúrò rẹ̀ ti dè mọ́ ọn. Ìyá Onísípánà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá lè gùn ún, òmùgọ̀ lásán ni, òmùgọ̀ sì ṣeé kọ́.

Ẹ̀gbọ́n fún bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń já lọ já bọ̀. Ó wá di kẹ̀kẹ́ mú, ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń tì í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

"Ó mọ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ó mọ̀ tipẹ́."

Ó wọlé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀. Ó kó àwọn sípánà rẹ̀ sínú àpò. Tó bá di ọ̀la, ilé àwọn tó gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà láti yẹ bíréèkì wọn wò, kó tó wá ibòmíràn tí yóò ti máa ṣiṣẹ́. Agolo pólíìṣì nìkan ló fi sílẹ̀ lórí tábìlì.