Agogo Ẹni Ẹ̀yìn

"Ti apá òsì ló fọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó gbé dígí kékeré náà lé orí tábìlì. "Ti ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bá mi gé òmíràn sí i, ẹ̀gbọ́n, kó tó di Sátidé."

Onídígí ò fọwọ́ kan dígí náà. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, koríko gbígbẹ kan sì há sí etí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé awò ojú fún àwọn tí ìwé kíkà ti ń ni lára, ṣùgbọ́n gbogbo dígí tó wà lára kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Onídígí nìyẹn.

"Ṣé o ti rí ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ náà ni, ìyàwó wa?"

"Mi ò tà á. Èmi ni mo fẹ́ máa wà á. Tíṣà sọ fún mi pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà. Àyè ọkọ mi ni mo máa wà, lẹ́yìn yín gan-an."

Onídígí wá fa dígí náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní ó dáa, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí obìnrin náà ṣe jáde tí ilẹ̀kùn padé, agogo kan dún lẹ́yìn ọkùnrin náà. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ti tó ọdún kan tí agogo yẹn ti ń dún, kò sì sí agogo kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀. Taya mẹ́ta ló ní, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó ń wà á á fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á na ẹsẹ̀ síwájú, á sì máa fi ẹsẹ̀ náà yí ṣéènì. Wọ́n á wá fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo rẹ̀ pátá, ó ku ihò kan ṣoṣo lókè tí orí á yọ jáde. Ìkarahun ni àwọn tó ní in ń pè é. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní pósí onítaya, ẹgbẹ́ náà sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, títí di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ò ṣe é rín mọ́.

Káfíńtà, ọkọ Nọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ kan ọ̀kan fún ara rẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn náà ló bá àwọn yòókù kan tiwọn. Wọ́n di méje. Ẹni tí kò bá wọn jáde rí ò lè mọ ohun tó ń dùn mọ́ wọn. Ìkarahun kan ṣoṣo lójú títì, ó kúrú débi pé awakọ̀ lè má rí i. Ṣùgbọ́n bí méje bá tò tẹ̀lé ara wọn, ọkọ̀ á yà fún wọn, àwọn ìyá á gbé ọmọ sókè kó lè rí wọn. Olúkúlùkù wà nínú ilé tirẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn jọ wà níbì kan náà. Bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí taya bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ wọn, àgbàlagbà tó ń kérora lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lánàá á gbàgbé iye ọdún tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Nínú ìkarahun, ọrùn ò ṣe é yí wẹ̀yìn, dígí méjì nìkan lèèyàn gbójú lé. Nítorí náà ni Tíṣà, tó máa ń ṣíwájú, ṣe gbé ètò agogo kalẹ̀. Bí wọ́n bá dé àwọn ibi tí wọ́n ti fẹnu kò sí, ẹni tó kẹ́yìn pátápátá á lu agogo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ, á lu tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bọ̀ níwájú títí yóò fi kan Tíṣà. Tíṣà á ka mẹ́fà, á fi tirẹ̀ ṣe ìkeje, wọ́n á sì máa lọ. Bí kò bá pé mẹ́fà, gbogbo wọn á dúró. Àmọ́ dídúró ò wu ẹnikẹ́ni. Ìkarahun tó ń sáré fúyẹ́, èyí tó bá ti dúró wúwo, kó sì tó tún gbéra, orúnkún á jìyà rẹ̀.

Káfíńtà ló máa ń kẹ́yìn, Onídígí ló máa ń wà níwájú rẹ̀. Káfíńtà ò sì lè ṣe kó má jẹ ọsàn. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò níṣẹ́ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn nínú ìkarahun, ọwọ́ rẹ̀ á dí. "Bá mi lù ú," ló máa pariwo, Onídígí á sì lu agogo tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́, ọ̀kan fún ara rẹ̀, á fi àyè díẹ̀ sáàárín. Agogo kan náà ni gbogbo wọn ń lò, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Nígbà tó yá, Káfíńtà ò tiẹ̀ pariwo mọ́. Bí agogo ẹ̀yìn bá ti pẹ́ díẹ̀, Onídígí á wo dígí, bó bá ti rí àwọ̀ ìyeyè, á bá a lù ú. Eré ọ̀rẹ́ méjì ni.

Ní Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn jù lọ́nà wọn. Onídígí retí agogo ẹ̀yìn, kò gbọ́ ọ. Ó wo dígí apá òsì, ó rí àwọ̀ ìyeyè fìrí, ó lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà ka mẹ́fà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti máa ń sinmi, tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n rí i pé àwọn ò ju mẹ́fà lọ.

Nígbà tí wọ́n padà, àsíá kékeré tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Káfíńtà ló júwe ibẹ̀ fún wọn, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láàárín koríko gíga. Kẹ̀kẹ́ náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, Káfíńtà wà nínú rẹ̀, kò mí mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá tètè rí i ni, bóyá. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ibi tí Onídígí ti wo dígí, pátákó ojú títì kan ló wà níbẹ̀, tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kọ́nà wà níwájú. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n kùn ún. Ó ti dá nìkan padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Tíṣà ní mẹ́fà lòun gbọ́. Wọ́n ní kò lè jẹ́ mẹ́fà. Ó ní òun kà á. Nígbà tó yá kò jà á mọ́. Ó lọ rí dókítà etí, dókítà ní etí rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n Tíṣà ò gbà á gbọ́. Olùkọ́ orin ni láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé òun ò kọ́ àwọn akọrin mọ́, pé etí tó gbọ́ ohun tí kò dún ò yẹ kó máa tún ohùn ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Onídígí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ̀wé náà. Òun ló yá a ní bíírò. Ó rántí bí ojú ṣe ti òun tó, àti bí ìtìjú náà ò ṣe ṣí i lẹ́nu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó Onídígí bá a níbi tó ti tẹjú mọ́ ife tíì tó ti tutù.

"Ẹ tún ti gbọ́ ọ," ni ìyàwó wí.

"Kí ni mo gbọ́?"

"Ohun tẹ́ ẹ máa ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ra agogo gidi kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ká lè mọ èyí tó jẹ́ àlejò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí mi ò bá bá wọn jáde lọ́la ńkọ́?"

"Ta ló máa wà níwájú Nọ́ọ̀sì nígbà náà? Òun tí ò wà á rí." Ó gbé ife tíì náà kúrò níwájú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ yín ló kú. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ̀rù ló ń bà yín, kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, mo wà níbí."

Kò sọ ọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gé dígí tuntun náà, ó fi aṣọ nù ún. Bó ṣe gbé e sókè láti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun kan tó ní àwọ̀ ìyeyè kọjá nínú rẹ̀. Ó yíjú padà, ògiri funfun ló rí.

Ní Sátidé, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń ṣíwájú báyìí, nítorí Tíṣà ti ní òun ò ka agogo mọ́ láyé òun. Àyè tó wà níwájú Onídígí ni baba náà ní kí wọ́n fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun aláwọ̀ ìyeyè, ó ń fi bíréékì han Nọ́ọ̀sì.

"Agogo rẹ nìyí, ọmọ mi. Lù ú kó dún dáadáa. Má gbẹ́kẹ̀ lé etí tèmi o."

"Mo gbọ́, sà," ni Nọ́ọ̀sì wí, ṣùgbọ́n ojú Onídígí ló ń wò.

Wọ́n gbéra. Ìkarahun méje tún tò sójú títì, ayọ̀ àtijọ́ sì tún fẹ́ máa yọ́ wọlé sára Onídígí láìka ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí iṣẹ́ rẹ̀. Níwájú, irun funfun Tíṣà ń fẹ́ nínú atẹ́gùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń kọrin, ohùn rẹ̀ ò dára, kò sì bìkítà. Ní ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti lu agogo, Nọ́ọ̀sì lu tirẹ̀ kíákíá. Ní ibi kejì náà, ó lù ú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Pátákó náà kọjá lápá òsì. Onídígí gbé àtàǹpàkò lé orí agogo, ó ń retí.

Agogo ẹ̀yìn ò dún.

Ó wo dígí. Àwọ̀ ìyeyè wà níbẹ̀, kì í ṣe pátákó lọ́tẹ̀ yìí. Ó rí orí Nọ́ọ̀sì tó yọ jáde, ó rí i tó tẹjú mọ́ òun. Obìnrin náà wà láàyè, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò sí ewu kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, wọ́n á sì máa lọ, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò lórí agogo, ó nà án sókè láti inú ihò, ó sì fa bíréékì.

Ó dúró. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú, Tíṣà rí wọn nínú dígí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa bíréékì. Onídígí jáde kúrò nínú ìkarahun, ó rìn padà lọ bá Nọ́ọ̀sì.

"N ò gbọ́ agogo rẹ," ló wí.

"Mi ò lù ú ni."

Onídígí di etí ìkarahun náà mú. "Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo bá ọkọ rẹ lù ú. Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Mo rí pátákó yẹn nínú dígí, mo rò pé òun ni."

"Mo mọ̀."

Onídígí wò ó.

"Ṣé ẹ rò pé kì í sọ fún mi ni?" ni Nọ́ọ̀sì wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Bó bá ti dé lọ́jọ́ Sátidé, á máa rẹ́rìn-ín pé òun jẹ ọsàn tán lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pé ẹ̀yin lẹ bá òun lu agogo. Ọdún kan ni mo fi retí yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá síbi ìsìnkú, ẹ ò sọ. Ẹ wá bá mi tún òrùlé ṣe, ẹ ò sọ. Mo wá ní bóyá mò ń fura sí yín lásán ni. Mo ní kí n wá wò ó fúnra mi, bóyá ẹ máa lù ú."

"Jọ̀ọ́, ìyàwó wa."

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa fi ṣe é. Inú ń bí mi, mo sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Méjèèjì ló wà lọ́kàn mi." Ó fi ojú júwe iwájú. "Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ló ń bọ̀ yẹn."

Tíṣà ń gun òkè bọ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń mí hẹlẹ díẹ̀, ìka rẹ̀ kan wà nínú etí bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún tó kọjá.

"Kí ló dé?" ló béèrè. "Ṣé ó lù ú ni, tí mi ò gbọ́?"

"Kò lù ú, Tíṣà. Ẹ gbọ́ dáadáa." Onídígí pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó rọra fa ìka náà kúrò nínú etí rẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn náà, mẹ́fà ló dún. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe gbọ́ ọ."

Ẹnu baba náà ń ṣe bí ẹni tó ń ka nǹkan, láti ọ̀kan. Nígbà tó dé mẹ́fà, ó jókòó sórí koríko lẹ́bàá títì, ó gbé ojú sókè.

"Máa wí," ló wí.

Onídígí jókòó níwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti jáde kúrò nínú ìkarahun, ó ń bọ̀ wá gbọ́. Onídígí dúró títí obìnrin náà fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọsàn.