Omi Tí Kò Ní Ṣúgà

Láti ìgbà tí àtọ̀gbẹ ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, tó sì padà wá gba ẹ̀mí rẹ̀, ni Màmá Aránṣọ ti bá ṣúgà di ọ̀tá. Bí àlejò bá bèèrè rẹ̀ sí tíì, yóò ní, "Ikú tó ń dùn lẹ́nu nìyẹn. Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọdébìnrin tí wọ́n ń pè ní Aláròyé nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ìyá ọmọ náà, tó jẹ́ ọmọ màmá, pè láti ibi iṣẹ́ pé kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún un. Gbogbo rẹ̀ ni màmá gbọ́, ìdajì ló ṣe. Iyọ̀ nìkan ló bù sí i.

"Kò dùn," ni Aláròyé wí.

"Oògùn wo ló dùn rí? Gbé e mì, ìyá mi."

Ó ń mu, ó ń yàgbẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú ọmọ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá tún po òmíràn. Ìfẹ́ ló fi ń pò ó.

Ní ilé ìwòsàn tí màmá gbé e sáré lọ, nọ́ọ̀sì fa omi sí ọmọ lára tán, ó wá bèèrè ohun tó ti mu. Màmá sọ fún un. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀.

"Màmá, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà nínú ìfun, ó sì ní ẹnu ọ̀nà. Bí iyọ̀ bá dá dé ibẹ̀ nígbà àìsàn báyìí, agbára káká ni yóò fi wọlé. Àmọ́ tí òun àti ṣúgà bá jọ dé, wọ́n á jọ wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Láìsí ṣúgà, ìta lomi ń dúró sí, ìdí ló sì ń gbà jáde."

"Ṣé èmi ni mo wá…"

Màmá kò lè parí rẹ̀. Ó ti rán aṣọ kọdí rí, ó tú u, ó sì tún un rán. Èyí kò ṣeé tú.

Nígbà tó yá, Aláròyé lajú. Nọ́ọ̀sì ní kí màmá fọwọ́ ara rẹ̀ po omi mìíràn sínú ife, òun sì dúró tì í. Màmá bu iyọ̀ sí i, ó sì bu ṣúgà sí i. Ìyá ọmọ ti dé nígbà náà, ó sì ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò bínú, ó kúnlẹ̀ kí màmá dáadáa, ó sì fọwọ́ méjèèjì gba ife náà.

"Ẹ ṣé, Mọ́mì."

Lẹ́yìn náà ló gbé ife sẹ́nu ara rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó lá ètè, ó ronú díẹ̀, kó tó gbé e sẹ́nu ọmọ.

"Ó dùn," ni Aláròyé wí jẹ́jẹ́.

Màmá kò gbọ́ ọ. Ẹnu ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí, tó kọ́kọ́ tọ́ omi ọwọ́ rẹ̀ wò, ló ṣì ń wò.