Báàgì Tó Kọ̀ Tí Kò Kún

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, gbọ́ o. Bí ìyàwó rẹ bá ń di báàgì, má dúró tì í. Jáde nílé. Lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kó fá orí rẹ, bí irun kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ojú tó bá ń ṣọ́ aṣọ bí ó ṣe ń wọnú báàgì, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni yóò máa rí. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló rí i.

Káfíńtà ni mí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ó tó kí n kọ orúkọ mi, kí n sì ka téèpù. Ìyàwó mi ń ránṣọ. Yàrá méjì là ń gbé. Máṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn ilé. Ọmọ wa ọkùnrin, tó kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ìlú tó jìnnà. Ó wá ránṣẹ́ pé kí ìyá òun wá bá òun kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ìyàwó mi ní òun ń lọ. Mo ní ó dára. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò dé.

Ó ní, "Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n."

Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n! Mo mọ àwọn ọmọ iṣẹ́. Èyí tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kẹ́yìn, títí ó fi gba òmìnira, kò sí àga tó kàn tí kò tiro.

Kì í ṣe pé mo fura sí ìyàwó mi o. Rárá. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń tún aago ṣe, tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyàwó tirẹ̀ ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, òun ń bọ̀ kíákíá. Ó di báàgì. Kò dé mọ́. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà pè mí kí n wá bá òun tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe. Mo ṣí i. Aṣọ kan kò sí níbẹ̀. Háńgà nìkan ló kù, wọ́n ń lu ara wọn, wọ́n ń dún wọnran wọnran. Mo rọra ti ilẹ̀kùn náà padà. Ohùn yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé obìnrin tó bá fi aṣọ sílẹ̀ nílé yóò padà wá mú un. Èyí tó bá kó gbogbo rẹ̀ lọ... ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Báàgì tí ìyàwó mi fẹ́ gbé lọ kò tóbi. Onítáyà ni, ó ní àwọ̀ eérú. Nígbà tí mo rí i, ọkàn mi balẹ̀. Mo fojú wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń fojú wọn pákó. Mo ní nínú ara mi pé ìdajì ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò lè wọ ibẹ̀. Ìdajì á kù. Ìdajì ni yóò fà á padà wálé.

Mo sì ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n ni o. Mo ká aṣọ kọ̀ọ̀kan ní fífẹ̀, mo tò wọ́n lé ara wọn, mo jẹ́ kí atẹ́gùn wà láàárín wọn dáadáa. Aṣọ mélòó kan péré, báàgì ti kún dé ẹnu. Mo ń làágùn, inú mi ń dùn.

Ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ̀ wọlé.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni àbúrò ìyàwó mi yìí ti ń fọṣọ, tó sì ń lọ̀ ọ́. Pẹlẹbẹ là ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò ní í di pẹlẹbẹ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo báàgì. Ó wò mí.

"Ọkọ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé aṣọ lẹ ń dì ni, àbí àga lẹ ń kàn sínú báàgì?"

"Mò ń ran ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ ń wo ọkọ yín? Ìwọ̀nba aṣọ yìí ló kún báàgì! Bó bá jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ń to pákó, àwọn fúnra wọn á máa sùn síta."

Ìyàwó mi kò gbójú sókè lórí máṣíìnì. "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò ká aṣọ rí. Ṣòkòtò wọn gan-an, orí àga ló ń sùn. Lónìí ni wọ́n rántí aṣọ kíká. Ó lóhun tó ń ṣe wọ́n."

Mo tẹjú mọ́ aṣọ kíká. Ẹnu ẹni ló ń kó bá ni.

Pẹlẹbẹ da gbogbo ohun tí mo tò jáde sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ́kọ́ mú bàtà, ó ki ìbọ̀sẹ̀ àti bẹ́líìtì bọ inú wọn, ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ níbi tí táyà wà. Ó ní ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, kí báàgì má baà máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ó wá tẹ́ gáwùn ńlá kan sínú báàgì, ó jẹ́ kí apá rẹ̀ méjèèjì rọ̀ síta. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn yòókù. Kò ká wọn bí mo ṣe ká wọn. Ó ń yí wọn ni. Á ṣẹ́ aṣọ sí méjì, á fọwọ́ nù ún kó má hunjọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i láti ìdí lọ sí ọrùn, bí ẹni ń ká ẹní, títí yóò fi le gbagidi. Ọ̀kan fara ti èkejì, kò sí àyè tí èèrà lè gbà kọjá. Nígbà tó parí ìpele kan, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn jáde, fùú. Ó kó apá gáwùn ńlá náà wọlé, ó fi bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ bí ìyá tó ń bo ọmọ.

"Ọkọ wa, aṣọ ò dà bí pákó yín," ó ní. "Aṣọ máa ń gbọ́ràn. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ni alágídí."

Mo wo kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ni mo kàn án, mo mọ gbogbo ìṣó ara rẹ̀. Ó ń ṣófo. Mo wo báàgì. Àyè ṣì wà níbẹ̀.

Síkẹ́ẹ̀tì alápò wọlé. Bùláòsì oníkọ́là wọlé. Gáwùn àtijọ́ kan, tí síìpù rẹ̀ ti já, òun náà wọlé. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ta ló ń gbé aṣọ tí síìpù rẹ̀ ti já rìnrìn àjò? Ẹni tí kò fẹ́ fi nǹkan kan sẹ́yìn ni.

Mo ní, "Èyí ńkọ́? Ṣebí kò ṣeé wọ̀ mọ́."

"Òun gan-an ni mo fẹ́ jù," ìyàwó mi dáhùn.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìgbà wo lẹ di ẹni tó ń ṣọ́ síìpù mi?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà rí ojú mi. Lẹ́yìn mi, háńgà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ẹyọ kan ló kù, gáwùn aláwọ̀ aró tí kọ́là rẹ̀ funfun. Òun ni ìyàwó mi fẹ́ràn jù. Ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, ó gbé e sórí àga, ó ní kí Pẹlẹbẹ fi í sílẹ̀, òun fúnra òun ni yóò ká a. Àwọn méjèèjì wá lọ sí ilé ìdáná láti se omi tíì.

Mi ò mọ ohun tó wọ ẹsẹ̀ mi. Mo rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo ṣẹ́ gáwùn náà sí méjì, mo fọwọ́ nù ún, mo yí i láti ìdí lọ sí ọrùn, bí Pẹlẹbẹ ṣe ń ṣe. Ó le gbagidi. Mo tì í bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo gba iwájú ilé ìdáná kọjá, mo ní mo fẹ́ lọ wo gọ́ọ̀mù pákó tí mo gbé sórí iná kó lè yọ́. Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfági. Mo mí kanlẹ̀. Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Èyí tó fẹ́ràn jù ti kù nílé.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ti ń wá a. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ẹ̀yìn máṣíìnì. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ń wo abẹ́ àga.

"Ọkọ wa," Pẹlẹbẹ pè mí.

"Kí ló dé?"

"Nígbà tí ẹ kọjá níwájú wa lẹ́ẹ̀kan, ẹ lóyún."

"Ta ló lóyún?"

"Ẹ̀yin ni. Ní báyìí, ikùn yín ti lọ sílẹ̀. Ẹ kú ewu ọmọ o. Níbo lẹ bí i sí?"

Kí n tó dìde, ó ti gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo gbọ́ tó ń ṣí dúrọ́ọ̀. Ó gbé gáwùn náà wọlé ní ọwọ́ méjèèjì, bí nọ́ọ̀sì. Lẹ́búlẹ́bú pákó bò ó, gọ́ọ̀mù ti ta sí etí kọ́là rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ rèé. Obìnrin ni. Ó jọ bàbá rẹ̀."

Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. "Kí lẹ fẹ́ fi gáwùn mi ṣe?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣófo."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Mo ní kí nǹkan kan kù. Ìyàwó aláago òkè... ó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní bí nǹkan kan bá kù, wàá padà wá mú un."

Pẹlẹbẹ gbé gáwùn náà mọ́ àyà. Ìyàwó mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá ọmọ mi. Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ lọ máa wọ àwọn aṣọ yẹn ni? Mo fẹ́ lọ tú wọn ni. Gbogbo wọn. Ọmọ wa á rán òmíràn fún mi wọ̀ níbẹ̀. Ẹnu lásán ò lè kọ́ ènìyàn ní aṣọ gígé. Àwọn ọmọ yẹn ní láti tú kọ́là kí wọ́n rí inú rẹ̀, kí wọ́n yọ síìpù tó já, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú aṣọ wọ̀nyẹn tó máa padà wá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo yọ sọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kàn."

Ó gba èyí tó wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Òun ni mo fẹ́ wọ̀ padà bọ̀ wálé."

Pẹlẹbẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbìyànjú. Kò ṣeé ṣe. "Yéè! Ọkọ wa jí aṣọ tó fẹ́ gbé ìyàwó wọn bọ̀ wálé! Wọ́n wá tì í mọ́lé!" Ó ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ béèrè ni? Láti àárọ̀ lẹ ti ń fojú wọ̀n mí bíi pákó. Pákó ni kì í sọ̀rọ̀. Èmi ń sọ̀rọ̀."

Mo lọ ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kí háńgà yéé dún.

Nígbà tí Pẹlẹbẹ nu omi ojú tán, ó na ọwọ́ sí gáwùn. "Ẹ mú un wá, kí n fọ̀ ọ́, kí n lọ̀ ọ́. Kó tó di pé ẹ ń lọ, á ti gbẹ."

Ìyàwó mi gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára rẹ̀. Ó gbé kọ́là rẹ̀ súnmọ́ imú.

"Má fọ̀ ọ́," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù káfíńtà!"

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó rọra yí i. Igun kan ṣoṣo ló kù nínú báàgì. Ibẹ̀ ló fi í sí. Ó fa síìpù, síìpù kò janpata.

Pẹlẹbẹ wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ máa fi òórùn pákó ṣe ní ìlú onílùú? Ẹ sọ fún wa, ká gbọ́."

Ìyàwó mi ti padà sídìí máṣíìnì. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì náà, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀.

"Mi ò sọ nǹkan kan mọ́," ó ní.