Oògùn Ìnulé Tí Kì Í Pani Lára

Iṣẹ́ tí Ìyá Ìmọ́tótó ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń ròyìn nídìí oúnjẹ. Bí ẹnì kan bá ń dá gbé, tó sì kú sínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò tètè mọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ń gbé òkú bá ti lọ tán, òun ni wọ́n máa ń pè wá fọ yàrá náà. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọ́n fi yìn ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nínú wọn bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ti wà nílé báyìí, ó máa ń fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí kó tó lè sùn, nítorí bílíìṣì tó ń fà símú láti ìgbà èwe ti jẹ àyà rẹ̀. Tó bá ń mí, ẹ óò rò pé ẹnì kan ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì nínú yàrá kejì ni. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá ohun tó ti jóná padà. Láti ìgbà náà ni wọn kì í ti í lo ohunkóhun tó bá ní òórùn nínú ilé, títí kan ọṣẹ ìwẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ọ̀gá pe Ìyá Ìmọ́tótó sí ọ́fíìsì, ó gbé ike kan lé orí tábìlì. Ẹnu ike náà rí bí ìbọn tí ọmọdé fi ń ṣeré, omi inú rẹ̀ sì mọ́ gaara.

"Ewé àti èèpo ọsàn ni wọ́n fi ṣe é," ni ọ̀gá wí. "Kì í ba omi jẹ́, kì í ba ilẹ̀ jẹ́, kì í pa ẹni tó ń lò ó lára. Àwọn oníbàárà ti ń béèrè irú rẹ̀. Ẹ bá mi fi dán ibi tó burú jù wò, kí ẹ wá sọ bó ṣe ṣe sí fún mi. Bó bá mú ibi tiyín, kò sí ibi tí kò ní mú."

"Bílíìṣì ńkọ́, sà?"

"Bí èyí bá ṣiṣẹ́, bílíìṣì parí nìyẹn."

Àyà Ìyá Ìmọ́tótó fúyẹ́. Ilé ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó fín in sára sítóòfù tí ọ̀rá ti gbẹ mọ́, ó dúró díẹ̀, ó fi àkísà nù ún. Ọ̀rá náà yọ́ kúrò wẹ́rẹ́. Ó wá gbé ike náà sún mọ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fín ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sára fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mí."

"Kí ni ìwọ yìí tún gbé dé?"

"Ẹ ṣáà mí ná."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn lójú, wọ́n ń retí ikọ́. Ikọ́ kò dé. Ẹ̀gbọ́n tún mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Irú èyí wà láyé, wọ́n wá jẹ́ kí n fi ẹ̀dọ̀fóró mi nulẹ̀ fún wọn?"

Àwàdà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò lẹ́nu wọn.

Yàrá tí wọ́n ní kó lọ fọ̀ wà lókè pátápátá nínú ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ há. Bàbá arúgbó kan ló gbé ibẹ̀, ẹni tó ti fi ìgbà kan wa ọkọ̀ ojú irin. Ó ti kú tipẹ́ kí aládùúgbò ìsàlẹ̀ tó fura nítorí eṣinṣin. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lára bàbá ti gba inú tìmùtìmù kọjá, ó ti wọ inú pákó ilẹ̀. Àmì náà dúdú, ó gùn gbọọrọ, apá kan rẹ̀ sì rí bí èjìká.

Ìyá Ìmọ́tótó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìbòmú bo imú, ó tọrọ àyè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ ọ: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo wá tún ilé yín ṣe ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín. Ògiri mọ́. Fèrèsé mọ́. Ibi tí bàbá ń to àwo sí ń dán. Inú rẹ̀ ti ń dùn. Àmọ́ nígbà tó kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ha pákó náà títí àwọ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tàwọn tó kù mu, ṣùgbọ́n bí oòrùn ti wọlé, tó sì tàn sí i, òórùn náà jí. Ó gba inú òórùn ọsàn jáde bí ẹni gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó tún fín in, ó tún ha á. Omi inú ike ń lọ sílẹ̀, òórùn kò yẹ̀ níbi tó wà.

"Ó ti ń lọ," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ." Ẹni tó bá ń fẹ́ nǹkan tọkàntọkàn, imú rẹ̀ a máa purọ́ fún un.

Ibi tó ń bá a bọ̀ nìyẹn tí ọ̀dọ́bìnrin kan fi yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ mọ́ àyà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni ọmọ bàbá."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O kú àmúmọ́ra. Má tíì wọlé."

Ọmọbìnrin náà dúró. Ó ní òun fẹ́ kó wá síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ni, nítorí wọ́n ti lé àwọn jáde níbi tí àwọn ń gbé, ọkọ òun sì ti bá tirẹ̀ lọ.

"Ìwọ àti ọmọ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ilẹ̀ la máa sùn ná."

Ìyá Ìmọ́tótó wo ọmọ náà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ni, ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹnu ló ń lọ. Bọ́tìnì aṣọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ lẹ́nu báyìí.

"Èmi àti bàbá jà," ni ọmọbìnrin náà wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi í. "Nítorí ọkọ yẹn náà ni. Nígbà tó yá, mo ń pè wọ́n lórí fóònù. Fóònù ń dún, wọn ò gbé e. Mo ní inú ló ṣì ń bí wọn. Èmi náà bá bínú, mo ní kí wọ́n máa bínú lọ. Àṣé ní gbogbo ìgbà yẹn..." Ó fa imú. "Mà, òórùn yìí, ṣé àwọn nìyẹn?"

Ìyá Ìmọ́tótó lè sọ pé òórùn ọsàn ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ọmọbìnrin yìí yóò gbà, ọ̀gá yóò gbà, bílíìṣì yóò sì parí. Àmọ́ a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn.

"Àwọn ni, ọmọ mi. Pákó ilẹ̀ kò tíì mọ́. Gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ má gòkè títí n ó fi pè yín."

"Ẹ jẹ́ n bá yín fọ̀ ọ́. Mi ò rí nǹkan kan ṣe fún wọn."

"Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ lò báyìí kì í ṣe ohun tí abiyamọ ń fà símú."

Ó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì bílíìṣì nínú ọkọ̀, èyí tó ti rò pé òun kò tún ní ṣí mọ́ láyé. Ó ṣí fèrèsé gbayawu, ó da á sílẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀. Yóò fọ̀ díẹ̀, yóò sáré lọ gba atẹ́gùn lójú fèrèsé, yóò tún padà. Pákó tí kò gbọ́ràn, ó fi irin yọ ọ́, ó fọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ fi rọ̀, òórùn ènìyàn kò sí nínú yàrá náà mọ́. Ó pe ọmọbìnrin náà gòkè. Ó wọlé, ó fa imú, ó tún fà á, ó bú sẹ́kún. Bóyá ìtura ni, bóyá nítorí pé bàbá ti lọ pátápátá báyìí ni, Ìyá Ìmọ́tótó kò bi í. Ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó jábọ̀ fún ọ̀gá.

"Ó dára, sà. Fún ilé ìdáná, fún ọ́fíìsì, mi ò rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ tèmi."

Ojú ọ̀gá rọ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti sọ pé ibi gbogbo ló ń mú, òun sì ti ní kí wọ́n ya ewé sára àwọn ọkọ̀ iléeṣẹ́ láti fi polówó rẹ̀.

"Àwọn yòókù kì í fọ ibi tí mò ń fọ̀, sà."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ óò máa lo bílíìṣì lọ o."

"Mo ti gbọ́, sà."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ara tu àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, wọ́n ń kọrin nídìí iṣẹ́. Ìyá Ìmọ́tótó ń bá kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kiri, nígbà tí òjò sì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gun àtẹ̀gùn ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ láti orí ibùsùn.

"Mo mọ ikọ́ yẹn," ló wí bó ti wọlé. "Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

"Ta ni yóò wá máa ṣe é?"

"Ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn wo, ẹ̀gbọ́n mi? Oògùn ọsàn lẹlòmíràn máa fín, á sì ní ó ti mọ́."

Ikọ́ tún gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ láti orí ìrọ̀rí, ó ń rọra gbá a lẹ́yìn, ó ń gbá a, títí àbúrò rẹ̀ fi rí èémí mí.