Iyán Tó Ń Fà Ní Oṣù Keje

Nínú ẹgbẹ́ náà, kò sí ẹni tó ń kí ẹnìkejì pé ẹ káàárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun tí wọ́n máa ń kọ ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ni pé, "Ṣé ikùn jí ire?" Ẹni tí wọ́n kí á dáhùn pé, "Ó jí, kò bínú." Bí ikùn ẹnìkan bá wá bínú, ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Husseini, kí lo jẹ?" Moufidatou á béèrè. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti Cotonou, òun ló sọ ọ́ ní Ikùn Wa Kò Gbà, òun náà ló sì fi ara rẹ̀ jẹ adájọ́.

"N kò jẹ nǹkan kan o, adájọ́. Búrẹ́dì kan ló kàn wò mí lójú." Husseini ń fi alùpùpù gbé èrò ní Bassila, kò sì sí òwúrọ̀ tí kì í kọjá níwájú ẹni tó ń ta búrẹ́dì.

"Búrẹ́dì wò ọ́ lójú?"

"Ó gbóná, Moufi. Bọ́tà wà nínú rẹ̀."

"Ẹjọ́ rẹ ti tán. Lọ jókòó sí ṣáláńgá, kí o máa ronú sí ìwà rẹ."

Gbogbo wọn ni dókítà ti sọ fún pé ohun kan wà nínú àlìkámà, glútẹ́ẹ̀nì ni àwọn òyìnbó ń pè é, tí ara wọn kò ní gbà títí ayé. Láti ìgbà náà ni búrẹ́dì, spaghẹ́ti àti gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe ti di ọ̀tá wọn. Nítorí pé ẹkún kò lè yí i padà, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rín.

Ganiyatou máa ń ka ọ̀rọ̀ wọn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Manigri, ní yàrá iwájú ilé ìyá rẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà ńlá. Nígbà mìíràn ẹ̀rín á pa á tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ á gba ibi tí kò yẹ lára aṣọ oníbàárà. Kò sí ẹnìkan nílé tó lè bá a rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí. Tàǹtí Assana, àbúrò bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ gbà pé àìsàn ni.

"Àìsàn tí kò jẹ́ kéèyàn jẹ búrẹ́dì?" ni Tàǹtí máa ń wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti ń yan àìsàn bí ẹni ń yan aṣọ."

Ṣùgbọ́n iṣu wà. Bí Ganiyatou bá ti jókòó ti àwo iyán, ó di ọmọ Manigri bíi ti gbogbo ènìyàn, kò sí dókítà, kò sí àlàyé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí Fataou sọ pé òun fẹ́ ẹ, abà iṣu ni ohun àkọ́kọ́ tó rí lọ́kàn rẹ̀. Ó rí ilé kan lẹ́bàá oko kajú, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, òdòdó kajú tó ń ta sánsán wọlé nígbà ọyẹ́, àti abà tó kún, kí òun má baà tún ṣàlàyé ara òun fún ẹnikẹ́ni nídìí oúnjẹ mọ́.

Fataou àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kassimou, jọ ń dáko iṣu àti kajú ni. Ní ilé wọn, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fẹ́ gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ kan lọ́dọ̀ ìyá ọkọ kí wọ́n tó gbé obì lọ sílé rẹ̀. Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ló ń gún iyán ọjọ́ náà, ìyàwó á sì jẹ ẹ́ tán lójú àwọn obìnrin ilé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kù, ilé náà ló kọ̀.

Fataou ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀. "Ìyá, kò gbọdọ̀ fẹnu kan búrẹ́dì o. Á ṣàìsàn."

Ìyá Kassimou rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń fi búrẹ́dì gba ìyàwó lálejò ní Manigri?"

Oṣù keje ni. Iṣu tuntun kò tíì jáde, èyí tó kù nínú abà sì ti hù. Iyán tí wọ́n bá fi irú iṣu bẹ́ẹ̀ gún, jíjá ló máa ń já, kì í fà. Gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa retí oṣù kẹjọ.

Lọ́jọ́ náà, Ìyá Kassimou lé gbogbo obìnrin jáde nídìí odó. "Ẹ lọ máa bó alùbọ́sà. Iyán ìyàwó mi, èmi nìkan ni n ó gún un."

Nígbà tí ó gbé e jáde, iyán náà funfun, ó ń dán. Ganiyatou bù ú, ó fà, ó ń fà bọ̀ bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n wa iṣu rẹ̀ lóko. Àwọn obìnrin pariwo.

"Ìyá Kassimou, inú abà wo lẹ ti rí èyí?"

"Ọwọ́ ni," ni ìyá náà wí, ó ń nu àágùn ojú rẹ̀. "Kì í ṣe abà."

Ganiyatou jẹ ẹ́ tán. Ó tilẹ̀ fi ìka nu àwo.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ikùn rẹ̀ ti dìde sí i. Ó mọ ìrora náà. Kò sí ìrora mìíràn tó ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó di igi kajú mú, ó bì títí tí kò fi sí nǹkan mọ́. Wassilatou, ìyàwó Kassimou, bu omi wá fún un. Ikùn rẹ̀ ni Wassilatou ń wò, kì í ṣe ojú rẹ̀.

"Ìyàwó wa yìí," ni Wassilatou wí nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, "ó ti ń bì kó tó wọlé. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹni méjì la fi iyán kan bọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dé Bassila kí Ganiyatou tó délé.

Lọ́jọ́ kejì, Fataou wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ rẹ̀. Kò jókòó.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o gbà á gbọ́?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ẹni tó ń béèrè ti gbà á dé ìdajì, Fataou."

"Kí ló wá ṣe ẹ́, Ganiya? Iyán lo jẹ. Iyán kì í ṣe búrẹ́dì."

Ganiyatou tún ohun tó jẹ rò lọ́kàn. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, wàrà àwọn Fúlàní ni wọ́n fi sè é, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ata. Nígbà tí Fataou lọ, ó ro gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti orí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì tí Ìyá Kassimou fi ṣe ẹ̀rín dé orí igi kajú. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló lè wà nínú iyán?"

"Iṣu," ni Husseini dá a lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mìíràn."

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí Moufidatou lè kọ̀wé. Ohùn ló fi ránṣẹ́, ẹ̀rín sì ti gba ìdajì rẹ̀. "Ganiya, ọmọ Manigri! Iṣu oṣù keje wo ló ń fà báyìí? Wọ́n ti wọn ìyẹ̀fun àlìkámà sínú odó fún ẹ! Bẹ́ẹ̀ ni ìyá bàbá mi ní Savè ṣe máa ń ṣe é bí àlejò pàtàkì bá dé, tí iṣu sì ti bàjẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré, iyán á fà dé Parakou! Ìyá Kassimou, oníbúrẹ́dì inú odó! Wọ́n fi búrẹ́dì gba ìyàwó ní Manigri, wọ́n ní iyán ni!"

"Ṣé bọ́tà wà nínú rẹ̀?" Husseini béèrè. "Bí bọ́tà bá wà nínú rẹ̀, mo dárí jì í."

"Husseini, ṣáláńgá!"

Ganiyatou rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì tètè dá. Ara rẹ̀ kò parọ́. Ìyá Kassimou náà kò fẹ́ ṣe é ní ibi. Búrẹ́dì ni wọ́n sọ fún un. Ìyẹ̀fun díẹ̀ nínú iyán, ta ló máa pe ìyẹn ní búrẹ́dì? Ó fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun jẹ iyán tó dára ni. Ganiyatou pinnu pé Fataou nìkan lòun á sọ fún, ní kọ̀rọ̀, nítorí pé ní Manigri, ó sàn kí o pe obìnrin ní olè ju kí o sọ pé iyán rẹ̀ ní àbùlà.

Fataou wà lóko, kò tíì délé, nígbà tí ọjọ́ ọjà Bassila pé. Husseini àti àwọn alálùpùpù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń dúró de èrò. Ẹ̀rín Moufidatou ṣì ń dùn mọ́ Husseini nínú, ó sì tẹ ohùn náà síta fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó tún un tẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ra ọkọ́ tuntun, tó ń wá ẹni tó máa gbé e padà sí Manigri. Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ orúkọ ìyá rẹ̀. Kassimou ni.

Nígbà tí Fataou dé ọ̀dọ̀ Ganiyatou, kò kí i.

"O lọ sọ ọ́ fún gbogbo ayé kí o tó sọ ọ́ fún mi."

"Àwọn tó gbà mí gbọ́ ni mo sọ ọ́ fún."

"Ẹnìkan tó ń gbé èrò ní Bassila ń tẹ̀ ẹ́ sí etí àwọn ènìyàn. Wọ́n ń pe ìyá mi ní oníbúrẹ́dì inú odó!"

Ganiyatou mọ ẹni náà. Ó di aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n fi sí i?"

"Wọ́n ní rárá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ìyá mi ni, Ganiya." Ó ń wo ilẹ̀. "Àwọn àgbà ilé wa ní kí o wá tọrọ àforíjì. Ìyá á gún iyán mìíràn, wàá jẹ ẹ́ lójú àwọn àgbà. Bí o bá jẹ ẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe ẹ́, ọ̀rọ̀ oyún parí, ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun parí. A ó gbé obì wá."

Iyán lásán, tí kò ní ìyẹ̀fun. Kí lòun tún ń wá? Ó gbà kíákíá, àní ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí Fataou ṣe lọ ni fèrèsé náà tún ṣí lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ rẹ̀, òdòdó kajú níta.

Tàǹtí Assana ló mú un lọ. Àwọn àgbà ti jókòó sórí ẹní, Kassimou wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Fataou wà lẹ́yìn. Ganiyatou kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Àwàdà ọ̀rẹ́ ló di bẹ́ẹ̀."

"Ó ti tán," ni àgbà kan wí. "Ẹ gbé iyán wá."

Ìyá Kassimou gbé e jáde láti inú ilé ìdáná. Oṣù keje kò tíì parí. Àgbà náà ló kọ́kọ́ bù ú. Ó gbé ọwọ́ sókè, iyán náà sì bá a lọ sókè, ó fà gbọọrọ.

"Ẹ wò ó!" Kassimou kígbe. "Ṣé ìyẹ̀fun nìyẹn? Iṣu wa nìyẹn!"

Ìgbà náà ló tó yé Ganiyatou. Bí iyán yìí bá já lónìí, gbogbo wọn á mọ ohun tó jẹ́ kí ti ìjọ́sí fà. Ìyá Kassimou kò ní ọ̀nà mìíràn. Àní bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, ọ̀nà mìíràn kò ní sí, oṣù keje lẹ́yìn oṣù keje.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti da omi sí i lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ. "Díẹ̀ ni. Máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi. Dákun, bò mí láṣìírí."

Ganiyatou gbójú sókè wo Fataou. Fataou ń wo iyán náà, ó ń wo bó ṣe fà, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́ pinpin. Ó mọ̀. Ó sì ń dúró kí ó jẹ ẹ́.

Ó bu òkèlè kan, ó yí i roboto ní ọwọ́ rẹ̀. Ó dá a padà sínú àwo.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló wí. "Mo ti yó."

Ó tún ọwọ́ rẹ̀ fọ̀, ó dìde. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ti gbọ́ ohùn Wassilatou: "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín."

Lójú ọ̀nà ni Tàǹtí Assana ti sọ̀rọ̀. "O kò jẹ ẹ́." Ó tún rìn díẹ̀. "Ganiya, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé oyún ni?"

Ganiyatou mú ẹsẹ̀ yá, ó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ. Husseini ni.

"Ìyàwó Manigri, ṣé ikùn jí ire? Ìgbà wo la ń bọ̀ wá jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó? Ìrẹsì kò ní àlìkámà o, adájọ́ kò lè mú mi!"

"Jẹ́ kó sinmi," Moufidatou kọ. "Iyán ló ń jẹ lọ́wọ́, ó ń fi bọ́tà pa á!"

Ó ka á. Ó lè sọ fún Husseini ohun tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi ní Bassila. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ohun tí wọ́n máa ń kọ: "Ó jí, kò bínú."

Òótọ́ ni. Ikùn nìkan ló jí ire nínú gbogbo ara rẹ̀. Ó yí ojú fóònù dé ilẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ náà.