Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní èbúté Tin Can, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ka ìwé kí òun tó fọwọ́ sí i, ibẹ̀ ni yóò sùn. Tírélà wà lẹ́yìn rẹ, àwọn dírẹ́bà ń bú ọ, ẹni tó wà ní géètì ti na bírò sí ọ. Wàá fọwọ́ sí i pé ẹrù pé, pé nǹkan kan ò fọ́, kó o tó fojú kan ẹrù náà rárá. Ọdún méjìlá ni mo fi ṣe ajẹ́ntì níbẹ̀ kí n tó di sẹ́kítírì ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò Coconut, àṣà náà sì ti mọ́ mi lára. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́, kì í ṣe kí ẹ lè dárí jì mí.

Àwa mẹ́tàlélógójì la wà létí títì níbẹ̀: mẹkáníìkì, wẹ́dà, fọkanáísà. Àgbà wa ni Bàbá Àjàmú, tó ní ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Bí irin inú ọkọ̀ bá bàjẹ́ tí kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́, Bàbá ni yóò gbẹ́ òmíràn. Ẹ̀rọ yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà, kò sì ní nǹkan mìíràn láyé yìí. Ebiere, tó ń rán tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù, ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀.

Nígbà tí a gbọ́ pé àbá òfin kan ti dé ilé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa, pé kí wọ́n kó gbogbo wa kúrò létí títì, káńsẹ́lọ̀ wa, Ọlálérè, pè wá jọ sí Malu Road, ó sì là á yé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka àbá kó tó di òfin. Ní kíkà àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń dárúkọ rẹ̀ ni. Ní ìkejì, wọ́n á jiyàn lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré kan, tí yóò pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn bá kọ wá ni Ilé yóò gbé yẹ̀wò ní kíkà kẹta.

“Ibi tí agbára yín wà nìyẹn,” Ọlálérè ní. “Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín.”

A lọ bá ìgbìmọ̀ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a sì sọ̀rọ̀. Bàbá Àjàmú ṣí fìlà, ó ní bí wọ́n bá lé òun, kí wọ́n fi ibi tí òun máa gbé ẹ̀rọ òun sí han òun. Àwọn ìgbìmọ̀ pàápàá pàtẹ́wọ́ fún un. Inú mi dùn débi pé nígbà tí akọ̀wé kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń jáde, tó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan lórúkọ ẹgbẹ́, mo rò pé ìwé orúkọ àwọn tó wá ni. Àwọn èèyàn ń tì mí lẹ́yìn. Ó na bírò sí mi. Mo fọwọ́ sí i, mo tún tẹ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lé e, nítorí mo fẹ́ràn kí n máa tẹ òǹtẹ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ kíkà kẹta, èmi, Bàbá àti Ebiere jókòó sí ibi tí wọ́n fi àwọn àlejò sí lókè. Àlejò kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bó o bá wúkọ́ jù, wọ́n á mú ọ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà, èmi sì ni ògbufọ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akọ̀wé Ilé dìde, ó ka àbọ̀ ìgbìmọ̀: pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Coconut, mẹ́tàlélógójì, ti fara mọ́ àbá náà láti ẹnu sẹ́kítírì wọn, pé ọjọ́ méje péré ni wọ́n tọrọ láti palẹ̀ mọ́.

Ọlálérè fò dìde, ó ní òun wà níbi ìjókòó náà, kò sẹ́ni tó fara mọ́ nǹkan kan. Olórí Ilé ní ohun tó bá wà lórí tábìlì ni Ilé ń bá ṣiṣẹ́, ó sì gbé ìwé náà sókè. Láti ibi tí mo wà ni mo ti rí òǹtẹ̀ wa. Ọlálérè ní kí wọ́n ka orí, bóyá àwọn tó wà níjókòó kò tó iye tí òfin ní kó pé. Wọ́n kà á: mẹ́jọ nínú mọ́kànlá. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Olórí Ilé bi wọ́n léèrè, àwọn tó fara mọ́ ọn pariwo, àwọn tó kọ̀ náà pariwo díẹ̀, ó sì lu tábìlì pé àbá ti wọlé. Kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

“Adékànmí, kí ni wọ́n sọ?” Bàbá bi mí.

Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìwé náà, èmi tí gbogbo Coconut ń mú lẹ́tà wá fún pé kí n bá wọn kà.

“Wọ́n ti sún un síwájú, Bàbá. Ó di ìjókòó tó ń bọ̀.”

“So make I no pack?” Ebiere bi mí. “I just cut new tapólì o.”

“No pack anything.”

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dì mọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni alága ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i, ó di òfin. Ọlálérè pè mí lórí fóònù pé kí n tètè sọ fún àwọn èèyàn mi. Mo ní mo ti sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, dípò kí n lọ bá Bàbá, lọ́yà Akínsànyà ni mo lọ bá ní Apapa. Ó bi mí bóyá wọ́n kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bóyá wọ́n pe ará ìlú, bóyá iye wọn pé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀, àmọ́ pé ìwé kan wà tí ẹnì kan fọwọ́ sí lórúkọ wa. Ó mí kanlẹ̀.

“Kóòtù kì í fẹ́ wọ yàrá aṣòfin lọ yẹ ohun tí wọ́n sọ wò. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé ìlànà, wọ́n á ní kí ẹ máa lọ ilé yín. Àfi ọ̀nà kan. Kí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn wá búra pé òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí àwọn tó kù sì búra pé àwọn kò rán an. Bí mo bá rí wọn lọ́la, mo lè gba àṣẹ tí yóò dá wọn dúró kí ọjọ́ méje tó pé. Ta ló fọwọ́ sí i?”

Mo ní mi ò tíì mọ̀.

“Ẹ lọ wá a rí,” ó ní.

Mi ò padà lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, lójoojúmọ́ ló sì ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé èmi ni mo gba àwọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gba iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ oníbàárà kan. Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: ojú ló tì mí. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ kì í ṣe ikú tèmi ni mo fi ń sá fún ẹ̀sín.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni katapílà dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ebiere sáré wọlé, tapólì mẹ́rin ló rí kó. Bàbá kò sáré. Ó lọ bá ọ̀gá wọn, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní wọ́n ti ṣi ọjọ́, pé Ilé ti sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, kí wọ́n bi sẹ́kítírì àwọn. Katapílà ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí Bàbá tó yíjú padà, katapílà ti gun orí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ti dá sí méjì.

Ọ̀gá náà fún un ní ẹ̀dà òfin, ìwé tí mo fọwọ́ sí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọwọ́ sí káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé náà títí, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

“Ọjọ́ tá a jọ jókòó lókè yẹn, kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ti ṣe é tán, Bàbá. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa.”

“O gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ, Bàbá.”

Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo sì fẹ́ kó gbá mi. Ó kàn yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀.

“Ìwé tó o fọwọ́ sí, mo lè dárí ìyẹn jì ọ́. Bó bá jẹ́ èmi, màá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Báyọ̀ tó ń wa fọ́kílíìfù tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo lódìkejì títì yìí, àbúrò mi ni. Wákàtí kan ni ìbá fi bá mi gbé ẹ̀rọ yìí kúrò, Adékànmí. Wákàtí kan.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn irin kéékèèké tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a ṣà, ó gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e padà sílẹ̀.