Iṣẹ́ Àna Nínú Ọkọ̀ Bàbá Ìbídùn

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kàn sẹ́yìn ọkọ̀ bọ́ọ̀sì bàbá ìyàwó mi, mo ń lu ihò tí èéfín ẹ̀rọ tí yóò mú ọkọ̀ náà móoru máa gbà jáde. Bàbá náà ti kú láti ìgbà ìkórè iṣu. Ó padà wá nítorí pé òtútù ibi tó wà pọ̀ jù, ó sì fẹ́ máa sùn nínú ọkọ̀ náà níbikíbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Ó ní, “Àna mi, wọ́n ní o mọ iṣẹ́ yìí.”

Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Bàbá.”

N kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí.

Àwọn ẹbí ìyàwó mi tò sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọkùnrin tó wá ṣe iṣẹ́ àna. Ìbídùn, ìyàwó mi, ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Nígbà tí ihò náà lu, pálọ̀ ilé wọn ni mo rí nísàlẹ̀, pẹ̀lú ife tíì kan tó ṣì ń rú èéfín. Mo ti ọ̀pá èéfín bọ ihò, ó gbá ife náà. Ife náà ní, “Pẹ̀lẹ́ o.”

Bátìrì kejì, tí yóò máa gbé iná kí bátìrì ọkọ̀ má baà kú, ń dúró dè mí lórí ìjókòó awakọ̀. Ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn. Bátìrì náà rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn àna mi má baà gbọ́.

“Etí mi wo ni ti wáyà pupa?”

Mo wo Ìbídùn. Ìbídùn wo ilẹ̀.

“Etí ọ̀tún,” ni mo wí.

“Ọ̀tún tèmi ni àbí ọ̀tún tìrẹ?”

Ojú tì mí. Mo kàn so wáyà náà mọ́ ọn. Gílóòbù òkè orí mi tàn, ṣùgbọ́n òkùnkùn ló ń tàn jáde, ó sì bo orí mi nìkan. Ẹnì kan wúkọ́ níta.

Mo so rọ́bà gáàsì mọ́ ẹ̀rọ tí yóò mú inú ọkọ̀ móoru. Ìbídùn ní kí n fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí mo so. Bí gáàsì bá ń jò, ọṣẹ á hó. Ó hó. Àwọn ìhó náà tóbi bí àgbálùmọ̀, wọ́n fò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bẹ́ níwájú àwọn àna mi. Ohùn tèmi ló ń jáde nínú wọn: “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.” Mo sáré jáde, mo ń gbá wọn mú. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ṣòkòtò tó yẹ kó wà nídìí mi ni wọ́n fi ṣe kọ́tìnnì fèrèsé ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìyá Ìbídùn ní, “Ẹ yíjú, ẹ má wò ó mọ́. Ó kúkú gbìyànjú.” Gbogbo wọn yí bẹ́ǹṣì wọn padà.

Bàbá wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ẹ̀rọ tó tutù bí òkúta.

“Ó ti móoru,” ó kígbe kí wọ́n lè gbọ́ níta. “Ẹ wò ó, mò ń làágùn.”

Ó fi ìka nu iwájú orí rẹ̀. Ìrì ni. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn bó ti ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ní kó sọ̀kalẹ̀, kí n lọ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Mo lanu. Ìhó ọṣẹ kan ṣoṣo ló jáde, ó bẹ́, kò sì wí nǹkan kan.

“O ṣeun, àna mi,” ó ní, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ náà gbé Bàbá gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè tó wà lẹ́yìn ilé wọn bí ewúrẹ́, kò bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin ilé wọn dìde. Wọ́n ṣí fìlà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó wọn lé mi lápá láì wo ojú mi, wọ́n sì lọ. Àwọn fìlà náà gbóná bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kún.